Ram dísẹ́lì 2001 mi ń rò ó kó tó wọ gíà: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tú u?

Ìyá Gàrí Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kí n tó kó owó ńlá jáde.

Dodge Ram 2500 ni, ọdún 2001, ẹ́ńjìnnì Cummins 5.9 oní-fáàfù 24, gíà ọ̀tọmátíìkì. Àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Texas. Òun ni mo fi ń kó gàrí láti Òkè-Ṣọ̀pẹ̀n níbí lọ sí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì máa ń gbé e dé Ṣágámù nítorí àwọn oníbàárà mi tó wà ní Sábó. Èmi fúnra mi ni mo ń wà á, mi ò ní dẹ́rẹ́bà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi àti etí mi ló bá a pàdé, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi.

Láàárọ̀, tí mo bá sítáàtì, tí mo fà á sí D, ọkọ̀ ò ní lọ. Ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn táyà ò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Màá ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kó tó wá wọlé gbì! Rífáàsì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wọlé báyìí, ó tán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àfi tí mo bá páàkì pẹ́ lọ́jà.

Òmíràn tún wà. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Orù, dé Àgọ́-Ìwòyè, kò sí wàhálà, nítorí ọ̀nà yẹn ò jẹ́ kéèyàn sáré. Ìgbà tí mo bá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù, tí ọkọ̀ wọ máìlì 45 sí 50, ọwọ́ RPM (èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó) á gòkè, á sọ̀, á gòkè, á sọ̀, ọkọ̀ á sì máa mì mí síwá sẹ́yìn. Mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná (accelerator), mi ò sì fi kún un.

Ìkẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo lè fẹ́ kọjá lára tírélà kan, kí n tẹ iná mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ máa wò mí. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹ́ńjìnnì gan-an ò ní gbóhùn sókè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ló máa wá gbé agbára jáde lójijì. Ẹni tó bá mọ bí àwọn tírélà ṣe ń sáré lójú ọ̀nà yẹn á mọ̀ pé kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú kéré.

Mẹkáníìkì tó wò ó yọ géèjì ọ́ìlì gíà, ó ní ọ́ìlì pé. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò jóná. Ó wá ní gíà ti lọ, ká sọ ọ́ kalẹ̀ ká tú u. Mo bi í pé kí ló rí tó fi mọ̀, ó ní ọkọ̀ ti dàgbà. Owó tó dá lé mi, owó ẹ̀gẹ́ àsìkò kan ni.

Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé gíà yìí, tó bá ti wọlé, kì í yọ̀. Mo ti kó ẹrù tó kún dẹ́nu gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, ó fà á láìṣe kùn. Ọ́ìlì rẹ̀ ṣì pupa. Ṣé gíà tó ti lọ ń rí bẹ́ẹ̀? Ọ́ìlì tí wọ́n fi sí i kẹ́yìn, Dexron ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀, bóyá ìyẹn wúlò fún yín.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Màmá, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò. Gíà ọ̀tọmátíìkì tó bá ti ń rò ó kó tó wọlé, ó ti ń lọ nìyẹn. Ẹ wá ọ̀nà Ládípọ̀, ẹ ra tòkunbọ̀ mìíràn, kí wọ́n bá yín pa á dà. Bí mo ṣe ṣe ti Sienna mi nìyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ríwáyà Ṣágámù

Àbúrò, Sienna kọ́ lèyí o. Gíà tòkunbọ̀ tí wọ́n bá tà fún wọn ní Ládípọ̀ lè ní àìsàn tó ju ti ara tiwọn lọ, wọn ò sì ní mọ̀ títí wọ́n á fi sanwó tán.

Màmá, ẹ kú làálàá. Ẹ ṣe mí lóore bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ ní mẹ́ta, nítorí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mẹkáníìkì yín kó wọn pọ̀, ó pè wọ́n ní gíà. Mo ti bá irú ọkọ̀ yìí ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn tó ń bọ̀ láti àwọn iléeṣẹ́ tó ń la ọ̀nà àti ti àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi sípánà kan bóòtù gíà yẹn kí ẹ tó yẹ àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní ná yín ju owó mítà àti ọ́ìlì díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ́ìlì. Orúkọ gíà yín ni 47RE. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣìnà lórí rẹ̀ ni pé wọ́n ń yọ géèjì nígbà tí ọwọ́ gíà wà ní P. Ti 47RE, N ni. Tó bá wà ní P, pọ́ǹpù inú gíà kì í gbé ọ́ìlì lọ sínú torque converter (ìkòkò ọ́ìlì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, tó ń gbé agbára kọjá), nítorí náà ọ́ìlì tó yẹ kó wà lọ́hùn-ún á jókòó sísàlẹ̀, géèjì á sì purọ́ pé ó pé. Ẹ wà á títí á fi gbóná dáadáa, ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fi sí N, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ nù ún, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ tún yọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa.

Ti àárọ̀ yẹn náà, P yìí kan náà ló so mọ́ ọn. Tí ọkọ̀ bá sun mọ́jú, ọ́ìlì inú torque converter máa ń ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ sítáàtì lọ́la ní N, kì í ṣe P, bíréèkì ọwọ́ ní kíkún, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fà á sí D. Tó bá wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ́ìlì tó ṣàn padà ló fà á, kì í ṣe kíláàṣì (clutch) inú gíà tó jẹ tán. Kíláàṣì tó bá ti jẹ tán kì í dúró di àárọ̀ kó tó ṣe wàhálà, á yọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí òkè, ẹ sì ti sọ pé tiyín kì í yọ̀. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ pé gíà yẹn ò tíì kú.

Dexron yẹn ò dára fún un. ATF+4 ni wọ́n ní ká lò sí i. Ẹ wo ẹ̀yìn ike, kí ẹ rí MS-9602 níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má rà á, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ.

Ó wá ku ti márosẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi wà. Inú torque converter, kíláàṣì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní lock-up. Tí ọkọ̀ bá ti ń sáré déédéé, á di ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀ kí agbára má baà ṣòfò sínú ọ́ìlì. Kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún un, ohun tó sì ń wò kó tó pàṣẹ ni bí ọkọ̀ ṣe ń sáré àti bí ẹ ṣe tẹ iná tó, èyí tí sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ iná ń sọ fún un pẹ̀lú iná mànàmáná kékeré gan-an. Ọ́tánétọ̀ ló ń fún bátìrì ní iná, dáyóòdù inú rẹ̀ ló sì ń sọ iná AC di DC. Tí dáyóòdù yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ọ́tánétọ̀ á máa tú iná AC sáàárín DC. Bátìrì á ṣì máa kún, gbogbo gílóòbù á tàn, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á máa rò pé ẹsẹ̀ yín ń tẹ iná, ó ń gbé e, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé e. Á di lock-up, á tú u, á dì í, á tú u. Ìyẹn ni RPM tó ń gòkè tó ń sọ̀. Àìsàn tí gbogbo ẹni tó mọ Ram oní-fáàfù 24 mọ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé, nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́, tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, débi tí iná ẹ̀yìn á tàn lásán, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Bíréèkì máa ń tú lock-up sílẹ̀. Tí ìmì náà bá dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, tí RPM gòkè díẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀, lock-up ni, gíà gan-an ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ríwáyà tó sún mọ́ yín wá fi mítà sí AC, kì í ṣe DC o. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, ọwọ́ pupa lórí bóòtù ńlá ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀, ọwọ́ dúdú lórí ẹnu dúdú bátìrì. Tó bá ti ju fólítì 0.1 lọ, ọ́tánétọ̀ ń da ariwo. Tí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀, ẹ wà á lọ wà á bọ̀ lójú ọ̀nà ní ọ̀sán. Bátìrì méjì tó wà níbẹ̀ á gbé e dáadáa. Tí kò bá mì mọ́, ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á ba kọ̀ǹpútà yín jẹ́. Kí wọ́n sì tú ẹ́ẹ̀tì (wáyà dúdú) bátìrì méjèèjì, kí wọ́n fi sáńpépà họ ọ́ títí á fi dán.

Bàbá Pọ́ǹpù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá oní-gàrí, ẹ kú iṣẹ́. Ríwáyà ti sọ̀rọ̀ dáadáa, kò sí ohun tí mo fẹ́ yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ka dísẹ́lì ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí ìkẹta tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe ti gíà rárá. Tí gíà bá ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Ẹ̀yin ní ẹ́ńjìnnì gan-an ò ké. Ìyẹn ni pé àṣẹ ẹsẹ̀ yín ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí ó dé, kò rí dísẹ́lì lò.

Pọ́ǹpù Bosch VP44 ló wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn, òun ni pọ́ǹpù ńlá tó ń fún un ní dísẹ́lì. Dísẹ́lì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń tù ú, òun náà ló ń fi ọ̀rá sí i. Pọ́ǹpù kékeré oníná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ti dísẹ́lì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kékeré yìí ló sì máa ń kú láìpariwo. Tó bá rẹ̀ ẹ́, ńlá á máa ṣiṣẹ́ lẹ́nu gbígbẹ títí á fi kú, owó VP44 sì lè ra ọkọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi géèjì wọn agbára dísẹ́lì tó ń wọ VP44, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró àti nígbà tí ẹ bá ń wà á pẹ̀lú ẹrù. Kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 10 psi lọ. Ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ sì ṣí omi ìdí rẹ̀ dànù. Dísẹ́lì inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má fi sínú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà, kò gba síkánà. Ẹ yí i sí ON, ẹ dá a padà, ẹ yí i, ẹ dá a padà, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kẹta kí ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kíákíá, ẹ má sítáàtì. Ibi tó ń ka máìlì á kọ P pẹ̀lú nọ́ńbà. Tí ẹ bá rí P0216, VP44 ni, ẹ pè mí. Tí ẹ bá rí P0121, P0122 tàbí P0123, sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ iná ni, ìyẹn sì dẹrùn ju tèmi lọ.

Ìyá Gàrí Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀.

Mo yọ géèjì ọ́ìlì ní N lẹ́yìn tí mo ti Orù dé, tó gbóná dáadáa. Ọ́ìlì ò kan àmì ìsàlẹ̀ pàápàá. Mo gbé e padà sí P níbẹ̀ náà, mo dúró díẹ̀, mo yọ ọ́: ó pé! Mo pe ọmọ mi ọkùnrin wá wò ó kí ojú èèyàn méjì lè rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sítáàtì ní N bí ẹ ṣe wí, mo jẹ́ kó dúró, mo fà á sí D, ó wọlé wẹ́rẹ́ láìsí gbì kankan.

Ríwáyà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi mítà sí ọ́tánétọ̀. Ó kọ́kọ́ fi sí DC, ó ní 14.1, pé kò sí wàhálà. Mo ní kó fi sí AC. Ó wò mí, ó yí i, mítà kọ 0.6. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé ká tú u, dáyóòdù kan sì ti kú níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n pààrọ̀ wọn, wọ́n họ ẹ́ẹ̀tì tó ti dà bí ìsàlẹ̀ agbada tí wọn ò fọ̀. Mo gbé ọkọ̀ gba márosẹ̀ dé Ṣágámù pẹ̀lú ẹrù, ọwọ́ RPM dúró gbagidi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ti kọ́kọ́rọ́, P0122 ló kọ, kò kọ òmíràn, ó sì parí pẹ̀lú P done. Agbára dísẹ́lì jẹ́ 13 nígbà tí ó dúró, 11 nígbà tí mo ń fà ẹrù. Láti ìgbà yẹn, títẹ iná láìgbọ́ yẹn tún ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè mi tó kù nìyí: ṣé kí n máa sítáàtì ní N lọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó yẹ ká tú nǹkan kan kí ọ́ìlì yé ṣàn padà? Ṣé kí n sì ra sẹ́ńsọ̀ yẹn báyìí?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Màmá, inú mi dùn pé wọn ò tú u. Ọ̀gá Ríwáyà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti Sienna tèmi náà, N ni mo ti máa yọ géèjì?

Ríwáyà Ṣágámù

Rárá, àbúrò. Toyota, P ni, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, ọ́ìlì á ti gbóná. Honda ní tiẹ̀, ẹ máa pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó yọ ọ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìwé ọkọ̀ ló ń sọ ọ́, ó sì máa ń wà lára géèjì náà nígbà míì tí wọ́n bá nù ún mọ́ kí wọ́n tó kà á.

Màmá, ẹ ṣé tí ẹ padà wá sọ. Ẹ má tú nǹkan kan. Ẹ máa sítáàtì ní N pẹ̀lú bíréèkì ọwọ́, ìyẹn ò pa á lára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbàgbé, kí wọ́n sọ abọ́ abẹ́ gíà kalẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà, kí wọ́n da Dexron tó bá jáde nù, kí wọ́n fi ATF+4 dí i dé ojú àmì, ní N. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan, èyí tó wà nínú torque converter á kù síbẹ̀, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Nígbà tí abọ́ bá wà nílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yín kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú díẹ̀ tó rọ̀ kì í ṣe nǹkan. Tí ẹ bá bá irin tó ń dán tó gún ọwọ́, ìgbà yẹn la máa tó sọ̀rọ̀ títú.

Kí wọ́n wo wáyà irin kan tó so ẹsẹ̀ iná mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíà náà. Òun ló ń sọ fún gíà bí agbára ọ́ìlì ṣe máa le tó. Tó bá dẹ̀, gíà á máa wọlé jẹ́jẹ́ lásìkò tí kò tíì yẹ, kíláàṣì á sì máa jóná díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ iná dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí ẹlòmíràn wò ó bóyá wáyà náà ń rìn dé òpin.

Sẹ́ńsọ̀, ẹ rà á, nítorí tírélà tí ẹ sọ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ríwáyà yín kọ́kọ́ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó fọ ẹnu rẹ̀, kó wo wáyà tó wọ inú rẹ̀ bóyá ó ti ya. Nígbà míì ibẹ̀ náà ló máa parí sí. Tí ẹ bá wá ra tuntun, lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì, ẹ tẹ iná díẹ̀díẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ ẹsẹ̀ yín.

Bàbá Pọ́ǹpù, Ìjẹ̀bú-Òde

11 pẹ̀lú ẹrù dára, àmọ́ kò jìnnà sí 10. Ẹ fi géèjì yẹn sílẹ̀ lára ọkọ̀, ẹ gbé e síbi tí ojú yín á ti máa rí i. Ọjọ́ tó bá kan 10 pẹ̀lú ẹrù, ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù kékeré lọ́sẹ̀ yẹn náà.

Ìyá Gàrí Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ti gbọ́, sà. Ọ̀la ni wọ́n máa sọ abọ́ náà kalẹ̀. Màá ya àwòrán ohun tí mo bá bá níbẹ̀, màá fi síbí kí ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹ bá dé Òkè-Ajé lọ́jọ́ ọjà, ẹ béèrè mi lọ́wọ́ àwọn oní-gàrí, àpò kọ̀ọ̀kan ń bẹ nílẹ̀ fún yín, lẹ́bú tó kan dáadáa.